Nígbà Tí Mo Pààrọ̀ Ẹnu Awíbẹ́ẹ̀

Ẹni tó bá ń kọjá lọ, kó yà wá. Ẹni tó bá ti jókòó, kó fẹ́ díẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀. Ibi gbogbo ni ẹ lè jókòó sí, àfi àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn. Ó ní ẹni tó ni ín, kò sì ní pẹ́ jáde. Èmi ni Ọdẹ́yalé ọmọ Ọdẹ́bùnmi, ará Òkè-Ayún, ọkùnrin tó bá ẹkùn fa itan àgbọ̀nrín mọ́ra wọn lọ́wọ́, tó sì gbé itan náà délé, tí ẹkùn ń bá ebi lọ. Bí mo bá ní kí n ka àwọn ẹran tí mo ti pa fún yín, ọbẹ̀ yóò jóná lórí iná. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe èyí tí mo fi ń fọ́nnu. Ìtàn ìgbà tí apá mi kò ká ohunkóhun ni, tí ojú mi ń wò, tí ẹnu mi ń sọ̀rọ̀, tí kò sì sí nǹkan kan tí mo lè ṣe. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi rò ó, mo sì ń fún yín jẹ, nítorí náà ẹ la etí yín.

Ẹ ó kọ́kọ́ mọ ìbọn mi. Ṣakabùlà ni, bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Awíbẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, nítorí bó bá ti sọ fún ẹran pé ó kú, ẹran kì í bá a jiyàn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ lè rò pé bákan náà ni gbogbo ìbọn ń dún. Irọ́ ni. Ìbọn ní ohùn bí ènìyàn. Ọ̀pá irin gígùn tó wà níwájú rẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní ẹnu ìbọn, ibẹ̀ ni ohùn ń gbé, kò sì sí ẹnu méjì tó dún bákan náà. Bí ìbọn bá dún lódìkejì odò, ìyàwó ọdẹ tó ń yan gààrí nílé á ti mọ̀ bóyá ọkọ òun ni kí òun máa retí. Ti Awíbẹ́ẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Bàbá mi ṣubú lé e lórí àpáta nígbà ayé rẹ̀, etí ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú díẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti dún gbòòò, yóò fi hìn kan kún un lẹ́yìn, bí àgbà tó sọ̀rọ̀ tán tó wá húkọ́. Gbòòò… hìn. Gbogbo Òkè-Ayún ló mọ ikọ́ náà. Àwọn ọmọdé gbìyànjú láti sín in jẹ, wọn kò rí i ṣe.

Ẹnìkejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Ọ̀jẹ́dìran, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró ìyàwó mi. Àna mi ni, ó sì yẹ kí n máa dọ̀bálẹ̀ fún un, kí n máa fi "ẹ̀yin" pè é. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀ pé ó ní àbúrò obìnrin ni a ti jọ ń dẹ òkété, tí a ti jọ jẹ ẹgba nítorí iṣu tí a jí wà. "Ìwọ" ni mo ń pè é, "ìwọ" ni ó ń pè mí, Àwẹ̀ró a sì máa wí pé àwa méjèèjì kò nítìjú. Ẹlẹ́nu ni ó sọ mí, nítorí bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí náà ni mo ti ń sọ ọ́ láti kékeré. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà wa, kì í kí ará ilé. Yóò ní, "Ẹlẹ́nu, ṣé o ti jẹun? Bù tèmi wá." Kò sí ọjọ́ kan rí tó fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o.

Nígbà ọyẹ́ kan, èmi pẹ̀lú rẹ̀ wọ Igbó Agbóhùn. Ẹni tó sọ igbó náà lórúkọ kò purọ́. Àwọn ohun tó ń gbé ibẹ̀ a máa gbọ́ ohùn ènìyàn, wọn a sì gbé e wọ̀ bí aṣọ. Wọ́n lè fi ohùn ìyá rẹ pè ọ́. Bó o bá tẹ̀ lé e, ó parí. Ìdí nìyẹn tí àwa ọdẹ kì í fi í pe ara wa lórúkọ níbẹ̀, tí a kì í sì í jẹ́ bí wọ́n bá pè wá. Ohùn ìbọn nìkan ni a fi ń mọ ara wa, torí wọ́n lè sín ẹnu ènìyàn jẹ, wọn kò lè sín irin jẹ. A rí akọ ẹfọ̀n kan létí àbàtà, ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò bí òrùlé abà. Mo yìnbọn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, Awíbẹ́ẹ̀ tí kò já mi kulẹ̀ rí! Ẹ̀tù fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ya bí èèpo ẹ̀pà, iná jó irùngbọ̀n mi, ọta gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹfọ̀n náà kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀jẹ́dìran ni ó kọjú sí. Ó kàn án lójúgun, mo gbọ́ bí egungun ti dá, ó wá fi ìwo gbé e sọ sókè. Orí ló yọ ọ́: oríta igi àràbà kan ni ó há sí, ó sì fi ọwọ́ rá gòkè lọ síbi tó fẹ̀. Ẹfọ̀n náà dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi. Ẹ mọ ẹfọ̀n, kì í gbàgbé. Ó lè dúró de ẹni tó mú un bínú títí ẹni náà yóò fi já bọ́ fúnra rẹ̀.

Èmi ti gun igi tínínrín kan lódìkejì. Mo nahùn sí i, n kò dárúkọ rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ tó wà lórí àràbà, ṣé okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó ní, "Ó ṣì wà ní èjìká mi."

"Má sọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń lọ wá ẹni tí yóò tún Awíbẹ́ẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá fi ohùn mi pè ọ́, má tẹ̀ lé e. Bó o bá tilẹ̀ rí ojú mi, má gbà á gbọ́. Ìgbà tó o bá gbọ́ ìbọn mi ni kó o sọ̀kalẹ̀."

"Mo ti gbọ́," bẹ́ẹ̀ ló wí. "Yára o, Ẹlẹ́nu. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Mo yọ́ sọ̀kalẹ̀, mo gba ẹ̀yìn igbó lọ. Ilé jìnnà ju ohun tí ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ lè fara dà lọ. Bí mo ti dúró tí mo ń ro ibi tí n ó gbà, ni mo gbọ́ ìró owú alágbẹ̀dẹ láàárín aginjù: kàn, kàn, kàn. Ta ní ń rọ irin níbi tí kò sí ilé, tí kò sí oko? N kò bi ara mi ní ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í béèrè ẹni tó ni igi tí òun dì mú. Mo tọ ìró náà lọ, àfi bí nǹkan kan ṣe di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú. Mo wo ilẹ̀, gbòǹgbò ni. Mo wo òkè, mo rí ẹni tó ni gbòǹgbò náà: bàbá arúgbó kan, apá ọ̀tún rẹ̀ ti ènìyàn, apá òsì rẹ̀ igi gbígbẹ, olú hù sí i léjìká, ẹyẹ kan sì ti yé ẹyin sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Oníbèèrè ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ láìdáhùn, bó o bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni gbòǹgbò rẹ̀ ń fún ẹsẹ̀ rẹ sí i.

Ó ní, "Kí ní ń fi ẹnu jẹun, tó ń fi ẹnu bì, tí kò sì ní ikùn?"

Mo rẹ́rìn-ín nínú ìrora. Ṣé ọmọ Ọdẹ́bùnmi ni wọ́n ń bi ní èyí? Mo ní, "Ìbọn ni, bàbá. Ẹnu rẹ̀ ni a ń gbà ki ẹ̀tù, ẹnu rẹ̀ náà ló ń gbà tu ú."

Gbòǹgbò náà dẹ̀ díẹ̀. Ó tún bi mí pé, "Kí wá ni a fi ń mọ̀ ọ́n láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹni tó ni ín ni. Bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n rí Awíbẹ́ẹ̀."

Oníbèèrè rẹ́rìn-ín títí ẹyin ẹyẹ fi bọ́ láti irùngbọ̀n rẹ̀, tó fọ́. Ó wo ẹyin náà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Kò sọ bóyá mo gbà á tàbí n kò gbà á. Ó kàn fa gbòǹgbò rẹ̀ sẹ́yìn pé kí n máa lọ. Mo rò pé ìdáhùn mi ló dùn mọ́ ọn. Ọlọ́gbọ́n ni mí nígbà náà, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé n kò gbọ́n.

Ibi tí mo dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mo ń purọ́. Igi ibẹ̀ kò so èso. Ẹnu ìbọn ni wọ́n so, ọ̀pá irin àtijọ́, èyí tó ti ya, èyí tó ti dípẹtà, wọ́n fi ìtàkùn gbé wọn kọ́ sára ẹ̀ka láti òkè délẹ̀. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ gba inú wọn kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa kùn ní ohùn tirẹ̀. Mo dá ọ̀kan mọ̀, ẹ gbọ́ o, ohùn ìbọn Láwòyín ni, ọdẹ tó wọ igbó nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí kò padà wálé mọ́. Láàárín wọn ni ilé arọ wà, alágbẹ̀dẹ náà sì jókòó sídìí iná. Kò ní ojú rárá. Ibi tó yẹ kí ojú wà dán bí ikùn ìkòkò. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, wọ́n sì ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò ní ẹwìrì. Àyà ara rẹ̀ ló fi ń fẹ́ iná: bó bá mí síta, iná a gòkè, bó bá mí sínú, iná a wálẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ògún á gbè yín."

Ó na ọwọ́, ó gba Awíbẹ́ẹ̀, ó fi èékánná gbá a lẹ́nu, ó gbé e sétí. Ó ní, "Ìbọn Ọdẹ́bùnmi. Ó ṣubú lé e lórí àpáta, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ohùn tó dára. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo gbọ́ nínú rẹ̀, o ó mú ọ̀kan. Èyí tó kéré jù: n ó fi òrùka irin de ojú ibi tó ya. Yóò yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bóyá. Èyí tó tẹ̀ lé e: n ó yọ ẹnu yìí, n ó fi tuntun sí i, n ó fi igi rẹ̀ àti òòlù kékeré tó ń ṣáná sílẹ̀ bí mo ṣe bá wọn. Èyí tó pọ̀ jù: n ó tú gbogbo rẹ̀, n ó tún un rọ láti ìdí dé ẹnu."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ní bóyá. Bó bá jẹ́ pé bóyá náà kọ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé yóò ya lójú rẹ, ìwọ yóò sì máa gbé ọ̀dọ̀ mi, kí á jọ máa fi etí ríran."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ dá mi lóhùn. Èwo ni ẹ ó mú? Mo rí àwọn tó ń mi orí. Ó rọrùn láti mi orí lórí ẹní. Ọ̀rẹ́ mi wà lórí igi, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹfọ̀n ń dúró dè é. Ìbọn tó bá ya lójú mi lẹ́ẹ̀kejì, àwa méjèèjì ló pa. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sì lè jókòó ti iṣẹ́ ńlá, torí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo yan ti àárín. Títí di òní, bí mo bá rò ó síwájú tí mo rò ó sẹ́yìn, ti àárín náà ni ó ń wù mí í yàn, ohun tó sì ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn.

Mo ní, "Ẹnu nìkan ni kí ẹ bá mi pààrọ̀, bàbá."

Etí rẹ̀ méjèèjì yí sí mi. "Ẹnu ni o fẹ́ kí n pààrọ̀, àbí ohùn?"

"Ẹnu ni mo wí. Ta ní í pààrọ̀ ohùn?"

"Ẹni tó ń retí rẹ, ojú ló fi ń retí ni, àbí etí?"

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n débẹ̀ ná! Yóò rí mi."

Ó mí sínú, iná fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó ní, "Ẹyin lohùn." Kò parí òwe náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ òwe nígbà tí ilé ń jó? Mo wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa máa ń sọ fún àgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ fún un. Mo ní, "Ẹ̀yin ni àgbà. Bí ẹ bá ti rí i ni kí ẹ ṣe é."

Alágbẹ̀dẹ náà bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Èmi kì í rí nǹkan, ọmọ mi. Mo ń gbọ́ ni. Bí mo bá ti gbọ́ ọ náà ni n ó ṣe é. N kì í gba owó. Ohun tí mo bá yọ, tèmi ni." Mo gbà, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ ilé wa náà a máa kó àfọ́kù irin. Kí ni mo fẹ́ fi irin tó ya ṣe?

Ẹ wo bí wọ́n ti ń gba ìbọn lọ́wọ́ oníbọn. Ó yọ ẹnu àtijọ́, ó gbé e kọ́ sórí ẹ̀ka igi. Ó rọ tuntun, irin dúdú tó gún gbọọrọ, kò tẹ̀ níbì kankan. Mo ní ó tó, mo fẹ́ gbà á. Ó ní rárá, igi àtijọ́ kò gba ẹnu tuntun, ó ń dún gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó fá igi. Mo ní ẹ ṣeun, ó tó. Ó ní òòlù rẹ̀ ń falẹ̀, yóò ṣáná lẹ́yìn tí ẹran bá ti lọ. Ó tú òòlù, ó tún un pọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní bàbá, ènìyàn wà lórí igi. Ó ní òun mọ̀, òun ń gbọ́ ọ bó ṣe ń gbé itọ́ mì, itọ́ ọ̀hún sì ti ń tán. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára sí i. Kí ni n ó ṣe? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo gba itan lọ́wọ́ ẹkùn, mo jókòó síwájú aláìlójú, mo ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀, òòrùn sì ń yí lórí igi.

Nígbà tó ṣe, ó gbé ìbọn náà lé mi léjìká, ó gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó ní, "Ìbọn ti pé. Èjìká ni kò bá a mu. Èjìká rẹ wọ́, Ọdẹ́yalé, eegun rẹ̀ ń ké lábẹ́ igi." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀mú tó ti pọ́n nínú iná. "Fara balẹ̀. O ní bí mo bá ti rí i." Mo fò dìde! Mo já Awíbẹ́ẹ̀ gbà, mo tú iná arọ ká, mo sá gba abẹ́ àwọn ẹnu ìbọn náà kọjá, wọ́n ń gbá mi lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ké ní ohùn olóhùn. Ẹ̀mú náà mú etí gbérí, ẹ̀wù ọdẹ tó wà lọ́rùn mi, ó fà á ya. N kò wẹ̀yìn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi ni owú tó ń dún kàn, kàn, kàn, bí ẹni tó ń fi òrùka irin de nǹkan. N kò béèrè ohun tó ń dè.

Mo dé ìdí àràbà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọyẹ́ bo igbó funfun. Ẹfọ̀n náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀ níbí, ibì kan ṣoṣo tó kù nìyí: ó dìde sí mi, n kò gbọ̀n, mo yìn ín lágbedeméjì ojú, kò gbé ẹsẹ̀ kejì. Ìbọn náà dún kàò! Ó mọ́, ó ṣe ṣáká, ó sì dákẹ́. Mo dúró de ikọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ikọ́ kò wá.

Mo ké pé, "Sọ̀kalẹ̀! Ó ti kú!"

Ó pẹ́ kí ojú Ọ̀jẹ́dìran tó yọ láàárín ewé. Ètè rẹ̀ ti ya, ojú rẹ̀ ti jìn wọ inú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ tún ti dé."

"Ẹ." Ẹ gbọ́ ọ bó ti wí i.

Mo ní, "Èmi ni! Ìwọ, wò mí dáadáa! Ẹlẹ́nu ni!"

Ó ní, "Ẹ kú làálàá. Èyí tó wá ṣáájú yín tilẹ̀ jọ Ẹlẹ́nu jù yín lọ, etí ẹ̀wù tirẹ̀ kò ya. Ẹlẹ́nu fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé bí mo bá tilẹ̀ rí ojú òun, kí n má gbà á gbọ́. Ìbọn rẹ̀ ni mo ń dúró dè. Ìbọn tirẹ̀ máa ń húkọ́."

Mo rán an létí iṣu tí a jí wà. Ó ní èyí àná mọ ti iṣu náà. Mo pọn omi àbàtà sínú akèrègbè mi, mo gbé e sókè, mo mì í kó gbọ́ ọ. Ó ní èyí tó mú omi wá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin, ó sì pa ojú dé. Mo gbìyànjú láti gun igi náà, apá mi kò ká a, mo yọ̀, mo ṣubú, mo tún gùn ún, ẹ̀gún ara rẹ̀ gún mi lẹ́sẹ̀ títí ó fi kún fún ẹ̀jẹ̀. Mo ki ẹ̀tù kún ìbọn, mo yìn ín. Kàò! Mo dín ẹ̀tù kù. Kàò! Ẹ má rẹ́rìn-ín o: mo yìn ín nígbà kan, mo wá fi ọ̀fun ara mi húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran rẹ́rìn-ín lórí igi títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ dá mi lẹ́rìn-ín." Mo jókòó sára òkú ẹfọ̀n náà, mo gbé ìbọn tó dára jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ wa lé itan, ọ̀rẹ́ mi sì ń kú lórí mi nítorí pé ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, inú bí mi, gbogbo rẹ̀ ló sì já sí òfo.

Nígbà náà ni ó dún. Láti ọ̀nà jíjìn, láti ìhà ibi tí ilé arọ wà.

Gbòòò… hìn.

Mo gbọ́ ariwo ayọ̀ lórí igi. "Ẹlẹ́nu! Ẹlẹ́nu mi ni yẹn!" Okùn já wálẹ̀ gbì. Ọ̀jẹ́dìran fi ọwọ́ méjèèjì yọ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ju fìrìfìrì, kò sì wò mí. Bó ti kanlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí rá lọ síhà ohùn náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe orúkọ ìnagijẹ mi. Òrùka irin tí alágbẹ̀dẹ fi de ẹnu àtijọ́ Awíbẹ́ẹ̀ ti mú. Bóyá tí mo sá fún ti di bẹ́ẹ̀ ni lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo dì í mú. Ó fa àdá yọ, ó ṣá mi lápá. Àpá rẹ̀ nìyí, ẹ wò ó. Mo gba àdá, mo fi okùn ara rẹ̀ dì í, mo gbé e pọ̀n bí ọmọ. Jálẹ̀ gbogbo ọ̀nà ni ó ń ké létí mi pé, "Ẹlẹ́nu, gbà mí o! Wọ́n ń gbé mi lọ o!" Èmi a ní, "Èmi nìyí, mo ti gbà ọ́." Òun a ní, "Ẹlẹ́nu, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ!" Lẹ́yìn wa, ìbọn náà tún húkọ́, ó sì tún húkọ́, títí a fi jáde nínú igbó.

Oníṣègùn eegun to ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbé. Àwẹ̀ró mọ̀ mí bí mo ti dé. Ó mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó búra fún un pé èmi ni. Ọ̀jẹ́dìran pa á mọ́ra, ó sunkún, ó ní, "Àbúrò mi, wọ́n ti tan ìwọ náà." Mo padà sínú igbó kí n lè fi ẹnu tuntun gba ògbólógbòó. Mo ti pinnu pé bó bá fẹ́ èjìká mi, kó mú un. Bí mo bá ti ń sún mọ́ ìró owú náà ni ó ń sún síwájú, Oníbèèrè gan-an kò sì sí lójú ọ̀nà mọ́ láti bi mí ní ìbéèrè tí mo ti wá mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí ẹ ti ń gbọ́ ọ yìí, bí ọyẹ́ bá ti dé, Igbó Agbóhùn a yin ìbọn bàbá mi, Ọ̀jẹ́dìran a sì mú ọ̀pá, a lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó tó báyìí, ọ̀rọ̀ ti jókòó síbi tó ń jókòó sí. Ẹ fún Ọ̀jẹ́dìran láyè, òun ló ń jáde bọ̀ yẹn. Àpótí rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn," bẹ́ẹ̀ ló ń wí. Ó yíjú sí mi, ó tẹrí ba díẹ̀, bí àlejò ti í ṣe. "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú mi. Oúnjẹ yín dùn. Bí Ẹlẹ́nu bá dé tí mo bá ti sùn, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún un pé n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé bó bá ti dé, èmi gan-an ni n ó sọ fún un.